Kẹ́ ẹ tó pe oníṣòwò lólè, ẹ ka ṣíìpù ara mẹ́mórì ná!

Ariwo ta lọ́jọ́ kan ní Ìkẹjà, ní ọjà kọ̀ǹpútà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Computer Village. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ lókèèrè rò pé wọ́n mú jáwójáwó ni. Àṣé mẹ́mórì kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyá tó tà á fún un. Bí kì í bá ṣe àgbàlagbà kan tó wà nítòsí ni, orúkọ rere tí ìyá náà ti ń kó jọ láti ọjọ́ tó ti dé ọjà ì bá wọmi lọ́jọ́ náà.

Báyìí lọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní láptọ́ọ̀pù ThinkPad T20 kan, irú èyí tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde lọ́dún 2000. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ sì ni àbúrò ti kọ́ ìwé títẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra tuntun, wọ́n tún ti ra tuntun lé tuntun, ṣùgbọ́n òun ò jẹ́ ta tirẹ̀. Ó ní ohun tó bá kọ́ni níṣẹ́, a kì í gbé e jù sórí ààtàn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́. Mẹ́mórì inú ẹ̀rọ náà kò ju 128MB lọ, ó sì ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ ohun tí mẹ́mórì ń ṣe, ẹ wo obìnrin tó ń tajà níwájú ilé. Àtẹ rẹ̀ ni mẹ́mórì, yàrá tó kó ọjà tó kù sí ni díìsìkì. Bí àtẹ bá kéré, gbogbo ìgbà ni yóò máa sáré wọlé lọ gbé ọjà jáde, oníbàárà á sì dúró títí ẹsẹ̀ á fi ro ó. Ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tí mẹ́mórì rẹ̀ kéré nìyẹn.

Ló bá kọrí sí Ìkẹjà.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Mẹ́mórì 256 ni mò ń wá, ti láptọ́ọ̀pù àtijọ́.”

“Ọmọ mi, ọjà á wọ̀ ọ́. Jẹ́ n wo inú páálí yìí.”

Ìyá náà tú páálí, ó sì fa ọ̀kan yọ. Àkọlé tó wà lára rẹ̀ kọ 256MB gbàgàdà. Ọkùnrin náà wò ó, eyín wúrà ẹsẹ̀ rẹ̀ pé 144, bí ti èyí tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ nílé. Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó gba ilé lọ.

Nígbà tó délé, ó yọ bátìrì, ó ṣí ìdí ẹ̀rọ, mẹ́mórì tuntun wọlé wẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ó tan iná. Ẹ wò ó, 128 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti 256 tó rà, 384 ló yẹ kí kọ̀ǹpútà kà. Ṣùgbọ́n 256 ló kà! Ó yọ ọ́, ó fẹ́ ẹnu sí i, ó tún un kì bọ̀ ọ́. 256 náà ni. Ó yọ ti àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun nìkan síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ka 128. Oorun ò kun ọkùnrin náà lójú mọ́jú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó ti dé iwájú ìsọ̀.

“Màmá, ẹ lù mí ní jìbìtì! Owó 256 lẹ gbà, 128 lẹ fún mi!”

“Èmi kẹ̀? Ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́!”

“Ta ni ò lè lẹ bébà mọ́ nǹkan? Ẹ dá owó mi padà!”

Ká tó wí, ká tó fọ̀, èrò ti pé. Àwọn kan ní kí wọ́n dá owó ọmọ ọlọ́mọ padà. Àwọn kan ní iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n á kó ayédèrú fún èèyàn. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà ní òun mọ ìyá yìí, kì í purọ́, wọ́n sì pariwo lé òun náà lórí. Omi ti lé ròrò sójú ìyá náà.

Bàbá kan tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló la àárín èrò kọjá. Ó gba mẹ́mórì náà, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò.

“Ọmọ, ka àwọn ègé dúdú wọ̀nyí fún mi.”

“Mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Mẹ́jọ ni wọ́n, Bàbá.”

“Láptọ́ọ̀pù wo lo fi í sí?”

“ThinkPad T20 ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Gbogbo yín, ẹ lọ jókòó. Kò sí olè níbí.”

Bàbá wá tú u palẹ̀. Ó ní àwọn ègé dúdú yìí ni wọ́n ń pè ní ṣíìpù, àwọn gan-an ni mẹ́mórì, pátákó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kàn ń gbé wọn ni. Wọ́n máa ń ka ẹrù ṣíìpù ní mẹ́gábíìtì, bíìtì mẹ́jọ ló sì ń di báìtì kan. Mẹ́mórì tí ìyá tà, 256MB ni lóòótọ́. Ṣíìpù mẹ́jọ ló pín in rù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ru mẹ́gábíìtì 256. Ṣùgbọ́n ṣíìpù tó ń darí mẹ́mórì nínú T20, èyí tí ilé iṣẹ́ Intel pè ní 440BX, kò mọ ju mẹ́gábíìtì 128 lọ lórí ṣíìpù kọ̀ọ̀kan.

“Ó dà bí ọmọ tó mọ ońkà dé ogún,” ni bàbá wí. “Kó ogójì ẹ̀pà lé e lọ́wọ́, ogún ni yóò pè é fún ẹ. Ṣé ẹni tó kó ẹ̀pà fún un ló wá jalè ni?”

Ẹ̀rín pa àwọn èrò. Bàbá ní mẹ́mórì 256MB tó máa bá T20 mu, ṣíìpù mẹ́rìndínlógún ló máa wà lára rẹ̀, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á ru mẹ́gábíìtì 128. Ẹrù kan náà ni, àwọn alárù ló pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fi méjì irú rẹ̀ sínú T20, 512MB, ó parí, kò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá náà da páálí nù sílẹ̀. Wọ́n ṣà á, wọ́n ṣà á, ó kù díẹ̀ kó sú wọn kí wọ́n tó rí ọ̀kan ṣoṣo tó ní ṣíìpù mẹ́rìndínlógún nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n fi sínú ẹ̀rọ níbẹ̀. 384! Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

“Màmá, ẹ forí jì mí.”

“Ó ti tán, ọmọ mi. Nígbà mìíràn, kó o tó pe àgbà lólè, béèrè ná.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló jọra, tí ìwà wọn yàtọ̀. Ti T20 yìí tiẹ̀ dára, ìdajì ni èèyàn pàdánù. Bí ẹ bá padà sẹ́yìn sí àwọn láptọ́ọ̀pù ọdún 1987 sí 1995, àṣìṣe kékeré lè jó mẹ́mórì, kó sì jó kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Nígbà yẹn, kálukú ilé iṣẹ́ ló ń gbẹ́ tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ìdí sì nìyẹn tí mẹ́mórì wọn fi ṣọ̀wọ́n bí ojú lónìí.

Ẹ wo Toshiba T1000 tó jáde lọ́dún 1987. Mẹ́mórì tó bá a wáyé kò ju 512KB lọ, ìyẹn ni pé kò tó mẹ́gábáìtì kan rárá. Toshiba ṣe káàdì kan fún un tó ru 768KB, tó máa sọ gbogbo rẹ̀ di 1280KB. Káàdì yẹn kò bá ẹ̀rọ mìíràn mu. Bí ẹ bá rí i nínú páálí láìsí ẹ̀rọ rẹ̀ nítòsí, ẹ ò ní mọ̀ pé mẹ́mórì ni, ẹ lè rò pé pátákó rédíò ni. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè wà ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì tó ti ń fi ọdún wá irú rẹ̀.

Ti Macintosh Portable tún le ju ìyẹn lọ. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ Apple gbé e jáde. Ó wúwo ju kílò méje lọ, bátìrì olójé bíi ti mọ́tò ló ń lò. Kí bátìrì má bàa tètè kú, irú mẹ́mórì kan tí wọ́n ń pè ní static ni wọ́n fi sínú rẹ̀, èyí tó lè pa ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sínú rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú iná táṣẹ́rẹ́. 1MB ló bá a wá, ó sì lè gbà tó 9MB. Nígbà tí System 7 dé lọ́dún 1991, 2MB ló kéré jù tó ń béèrè, àwọn tó ní 1MB sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì kiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ní oṣù Kejì ọdún 1991 yẹn náà, Apple tún gbé òmíràn jáde, orúkọ kan náà, ìrísí kan náà, àfi iná tí wọ́n fi sẹ́yìn ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pààrọ̀ mẹ́mórì inú rẹ̀ sí irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní pseudo-static, tí owó rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, 8MB sì ni ìwọ̀n tó lè gbà. Káàdì ẹ̀gbọ́n kò ṣe é lò fún àbúrò, ti àbúrò kò ṣe é lò fún ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá kàn béèrè káàdì Macintosh Portable lọ́wọ́ oníṣòwò, tí kò béèrè pé ti èwo nínú méjèèjì, orí ló máa kó o yọ. Ẹ̀rí tó wà ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara ẹ̀rọ: M5120 ni ti àkọ́kọ́, M5126 ni ti oníná.

Ìbejì kan tún wà tó ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe. Láàárín ọdún 1990 sí nǹkan bí 1995, àwọn láptọ́ọ̀pù kan ń lo mẹ́mórì tó rí pẹlẹbẹ bíi káàdì báńkì. ThinkPad 750 ti IBM, ọdún 1993, wà lára wọn. Ẹ̀rọ ńlá ni o. Òun ló bá àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú Amẹ́ríkà gòkè nínú ọkọ̀ Endeavour ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n lọ tún awò ńlá Hubble ṣe. Káàdì mẹ́mórì rẹ̀ àti káàdì PCMCIA tí wọ́n fi ń gba tẹlifóònù sórí kọ̀ǹpútà, gígùn wọn bára mu, fífẹ̀ wọn bára mu. Ẹnu wọn ni kẹ́ ẹ wò. Ihò kéékèèké 68 ló wà lẹ́nu PCMCIA, 88 ló wà lẹ́nu mẹ́mórì. Ẹni tó bá fi tipátipá ti ọ̀kan sínú ihò èkejì, pínnì inú kọ̀ǹpútà ló máa tẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, níbo lẹ ti fẹ́ rí pínnì òmíràn rà?

Ihò 88 gan-an kò tíì parí ọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tó ń jẹ iná 5 fólìtì, àwọn kan wà tó ń jẹ 3.3. Ẹ fi ti 3.3 síbi tí 5 ti ń jáde, èéfín lẹ máa rí.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe máa wá dá wọn mọ̀? Bàbá Ìkẹjà yẹn kó ọ̀nà rẹ̀ jọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó pagbo yí i ká lọ́jọ́ náà, kò sì gba ìwé ńlá.

Èkíní, ẹ ka eyín. 72, 144, 200, 204, 260, ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kẹ́ ẹ sì tún wo ojú gígé tó wà láàárín eyín, nítorí 200 ni ti DDR, 200 náà ni ti DDR2. Bíńtín ni ojú gígé wọn fi yàtọ̀, iná tí wọ́n ń jẹ kò sì dọ́gba: 2.5 fólìtì fún àkọ́kọ́, 1.8 fún èkejì. Bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má ṣe lù ú.

Èkejì, wíwọlé wẹ́rẹ́ kò sọ pé ó bára mu. Lára àwọn eléyín 144, EDO wà, SDRAM wà. Ẹnu ihò kan náà lè gba méjèèjì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún EDO kò ní dá SDRAM lóhùn. Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ti kú.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣíìpù fúnra rẹ̀, kì í ṣe bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bébà lè ṣí, wọ́n sì lè lẹ òmíràn. Lẹ́tà tó ṣáájú ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é: HM ni Hitachi, KM ni Samsung, TC ni Toshiba, MT ni Micron, HY ni Hyundai. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ ìwọ̀n ẹrù. HM514400, bí àpẹẹrẹ, mẹ́gábíìtì mẹ́rin ló rù. Bí mẹ́jọ irú rẹ̀ bá wà lára káàdì, ẹ fi 8 sọ 4 di púpọ̀, mẹ́gábíìtì 32 ni. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́jọ, 4MB ni. Kò sẹ́ni tó lè fi bébà tan yín mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, lára àwọn ti àtijọ́, ẹ ó rí àmì bíi -7 tàbí -6. 70 nanosecond ni àkọ́kọ́, 60 ni èkejì, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe kéré tó ni mẹ́mórì ṣe yára tó. Èyí tó yára ju bí ẹ̀rọ ṣe ń béèrè lọ sábà máa ń ṣiṣẹ́. Èyí tó lọ́ra jù ni kẹ́ ẹ yẹra fún. Nọ́ńbà mẹ́rin kan tún máa ń wà níbẹ̀, bíi 9423. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn: ọdún 1994, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún. Bí ẹnì kan bá ní ọdún 1990 ni wọ́n ṣe káàdì, tí ṣíìpù ń pe 1994, ẹ mọ ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wá nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ tẹ̀ sára ẹrù rẹ̀. IBM máa ń kọ FRU ṣáájú tirẹ̀. Ẹ fi wé ohun tó wà nínú ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí nọ́ńbà bá bára mu, iyèméjì ti tán.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yọ iná, ẹ yọ bátìrì, ẹ fọwọ́ kan irin kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan mẹ́mórì. Iná ara èèyàn tí kò ta ẹni tó ni ín lè pa ṣíìpù.

Àwọn kan á ní kí ló kan àwọn nínú kọ̀ǹpútà tó ti di arúgbó. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà àlòkù wọ Èkó, èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú wọn, orí ààtàn ló ń lọ. Wúrà táṣẹ́rẹ́ wà lára eyín mẹ́mórì, àwọn kan sì ń jó o nínú iná pẹ̀lú èéfín olóró láti fi wá wúrà yẹn. Káàdì tí wọ́n jó yẹn lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan fẹ́ fowó gidi rà. Wúrà inú rẹ̀ lè má tó ra àkàrà. Àìmọ̀ ló sọ ọ́ di ẹrù iná.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣì ń lo T20 rẹ̀, ó ti di oníbàárà pàtàkì fún ìyá tó pè lólè. Ẹ bá gba iwájú ìsọ̀ ìyá náà kọjá lónìí, ẹ ó rí páálí méjì níbi tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ti fi ìyẹ́fun funfun kọ 8 sí ara ọ̀kan, ó kọ 16 sí ara èkejì. Bí oníbàárà bá dé, tó ní mẹ́mórì 256 lòun ń wá, kì í tètè fọwọ́ kan páálí mọ́. Ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ bi í:

“Ọmọ mi, láptọ́ọ̀pù wo lo fẹ́ fi í sí?”